Òwú Pupa Lẹ́yìn Ìwé

Ìwé kan wà nínú àpótí mi tí ojú-ewé mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn rẹ̀ lu wẹ́wẹ́ létí. Àwọn ọmọ mi rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́. Abẹ́rẹ́ ìyá mi ni.

Ìwé ìbéèrè JAMB àtẹ̀yìnwá ni, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní past question. Ọdún 1996 ni mo rà á ní Yábà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Tẹ́júòṣó, lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ tí wọ́n ń to ìwé àlòkù lé e lórí. Ẹni tó ti ni ín rí ti fi báírò kọ "Dókítà lágbára Ọlọ́run" sí ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Èmi kò bá ti dókítà wá. Èdè Yorùbá ni mo fẹ́ lọ kà ní UNILAG ní Akoka. Láti Mushin tí à ń gbé, kò ju kí n wọ dánfó dé Ojúẹlẹ́gba, kí n tún wọ òmíràn lọ sí Yábà, kí n fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú mi nígbà náà, ìlú òyìnbó kò jìnnà tó o.

Kí ìjọba tó dá JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, sílẹ̀ ní 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọmọ tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Mẹ́tàlá péré ni gbogbo wọn nígbà yẹn. Ọmọ kan lè rí ìwé ìgbaniwọlé gbà ní yunifásítì mẹ́ta, kí ẹlòmíràn má rí ẹyọ kan. Ìjọba wá kó gbogbo wọn sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni à ń rọ́ lù lọ́dọọdún títí di òní, iye àwọn tó rọ́ lù ú ní 2025 sì sún mọ́ mílíọ̀nù 2.

Ní Èkó, ọmọ tí ọwọ́ òbí rẹ̀ tẹ́nu kì í dá kàwé fún ìdánwò náà. Ilé lẹ́sìn pọ̀ ní Yábà àti Sùúrùlérè bí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì. Ṣùgbọ́n owó lẹ́sìn oṣù kan tó owó bùbá léèsì mẹ́fà lọ́wọ́ ìyá mi, tó jẹ́ aránṣọ, bùbá mẹ́fà náà la sì fi ń jẹun. N kò tilẹ̀ béèrè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń lọ aṣọ, mò ń tẹ bọ́tìnnì, mò ń gbé iṣẹ́ lọ fún oníbàárà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, mo di kíláàsì kan fúnra mi. Èmi ni tíṣà, èmi ni ọmọ ilé-ìwé, èmi náà ni mò ń máàkì.

Ti máàkì yẹn ló bà á jẹ́.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Màá ka ìbéèrè, màá ti fi ìka kan há ẹ̀yìn ìwé níbi tí ìdáhùn wà. Bí kò bá dá mi lójú, màá yẹ ibẹ̀ wò fìrí. Bí mo bá rí i pé C ni, màá mi orí: "Ẹ̀hẹ́n, C náà ló wà lọ́kàn mi." Màá fún ara mi ní máàkì, màá sì bọ́ sí èyí tó kàn. Nínú àádọ́ta ìbéèrè, mo máa ń fún ara mi ní márùndínlógójì, nígbà mìíràn ogójì. Inú mi ń dùn. Irọ́ ni mò ń pa, èmi nìkan ni mò ń pa á fún, mo sì gbà á gbọ́ pátápátá.

Lọ́jọ́ ìdánwò ní 1997, wọ́n pín ìwé fún wa, mo mú pẹ́ńsùlù HB mi dání láti máa fi kun ojú ihò lẹ́tà tí mo bá mú. Ìbéèrè wà níbẹ̀, A wà, B wà, C wà, D wà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jọ òótọ́. Ìka mi ń wá ẹ̀yìn ìwé tì. Nígbà tí èsì dé, 178 ni mo gbà nínú 400.

Ìyá mi kò bú mi. Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó ní kí n gbé ìwé mi wá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ òun lálẹ́, kí n máa kà á bí mo ṣe ń kà á. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ó sì ń fi ìdí ojú wò mí. Kò pẹ́, ẹ̀rọ dákẹ́.

"Àjàní, kí lò ń lọ wá lẹ́yìn ìwé ní gbogbo ìgbà?"

"Ìdáhùn ni, Màámi. Mò ń wò ó bóyá mo gbà á ni."

"Kí o tó mú tìrẹ ni, àbí lẹ́yìn tí o mú u?"

N kò rí èsì fọ̀.

Ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà. Ó ká ojú-ewé ìdáhùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀, ó fa òwú pupa tó kù lára aṣọ ẹbí tó ń rán, ó ki í bọ abẹ́rẹ́, ó sì gán wọn yípo létí, bí a ṣe ń gán àpò kí a tó gbé e sẹ́rọ. Ó fi eyín já òwú. "Ó yá, máa kàwé ẹ."

Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa mọ ohun tó ń ṣe. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, bí ọmọṣẹ́ bá rán apá aṣọ wọ́, ìyá mi kì í bá a tú u, kì í sì í fi ibi tó wọ́ hàn án. Yóò sọ aṣọ náà padà sí i lẹ́sẹ̀, yóò ní, "Kò dáa," yóò sì kọjú sí iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó rán an wọ́ ni yóò wá ibi tó wọ́ sí, òun ni yóò tú u, òun náà ni yóò tún un rán. Àwọn kan sunkún nídìí òfin yìí. Èmi náà wá di ọmọṣẹ́.

Ìyá mi kò kọjá pírámárì mẹ́ta. Kò lè ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan já. Ṣùgbọ́n ó mọ A títí dé Z láìṣìnà, nítorí lẹ́tà orúkọ oníbàárà ló ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára aṣọ tó bá ti gé kó má baà dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn. Ohun tí à ń ṣe ni pé mo máa ń kọ ìdáhùn mi sílẹ̀ sínú ìwé mìíràn láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, Màámi yóò fi abẹ tú òwú náà, yóò gbé ìwé mi sí apá òsì, yóò gbé ẹ̀yìn ìwé ìbéèrè sí apá ọ̀tún, yóò sì máa fi ìka tọ lẹ́tà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá bára mu, yóò fi ṣọ́ọ̀kì búlúù fa ìlà sí i. Kò ní sọ ohun tí ìwé wí fún mi. Bó bá parí, yóò ka ìlà búlúù, yóò ní, "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò dáa," yóò sì tún gán ẹ̀yìn ìwé padà. Ìdí tí etí ìwé náà fi lu bẹ́ẹ̀ nìyẹn: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń tú u, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń gán an.

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo wí yẹn kì í ṣe àwàdà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, nínú àádọ́ta ìbéèrè Government. Mọ́kàndínlógún ni mo gbà. Èmi tí mò ń fún ara mi ní ogójì!

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ìtìjú kọ́ ló kọ́ mi ní nǹkan. Ìlà búlúù tí kò sọ̀rọ̀ yẹn ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n béèrè òfin ìṣèjọba tó kọ́kọ́ jẹ́ kí a dìbò yan àwọn aṣojú ní Nàìjíríà. Mo ti mú Macpherson. Ìlà búlúù wà lórí rẹ̀. Ta ni wá ni? N kò mọ̀, kò sì sí ẹni tí màá bi. Mo lọ yá ìwé Government tí Dibie kọ lọ́wọ́ ọmọ ilé kejì, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: Clifford ní 1922, Richards ní 1946, Macpherson ní 1951, Lyttelton ní 1954. Mo ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n tó rí i pé Clifford ni. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àga mẹ́rin péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìbò, mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Calabar, àti pé nítorí àga mẹ́ta ti Èkó yẹn ni Herbert Macaulay fi dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní 1923. Mo ti ń gba òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin yẹn kọjá ní Yábà láti kékeré, n kò bi ara mi rí pé ta ni. Bí màámi bá ti sọ fún mi pé "A ni", A nìkan ni ǹ bá mú lọ.

Ọ̀kan ṣoṣo ló rú òfin náà, ti èdè Yorùbá ni. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó fa ìlà búlúù sí nọ́ńbà kan tán, mo ní rárá, kò lè jẹ́ pé mo ṣi èyí. Ó ní kí n ka ìbéèrè náà sókè. Àlọ́ àpamọ̀ ni: òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Mo ti mú ọmọrogùn. Ó wo ẹ̀yìn ìwé, ó ní B ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo wo B. Ẹja ni.

Ìyá mi fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ẹja? Ẹja wo ló ń wọ omi tó ń hó?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹni tó ṣe ìwé yìí kò ro àmàlà rí láyé ẹ̀." Ó fi ìka nu ìlà náà kúrò, ó fún mi ní máàkì mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó tẹ ìwé náà tà lè ṣìnà bí èmi náà ṣe lè ṣìnà. N kò gba ìlà búlúù kankan láìjiyàn mọ́, n kò sì jiyàn láìlọ wo ìwé. Kí ọdún náà tó parí, mo rí ìdáhùn mẹ́rin mìíràn tó wọ́ lẹ́yìn ìwé yẹn.

Ní ti ibi ìkàwé, ẹni tó bá mọ Mushin mọ̀ pé kò sí ìdákẹ́jẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún náà, epo wọ́n, kẹrosíìnì wọ́n, NEPA ń ṣe bó ṣe wù ú. Mo wá rí i pé aago mẹ́rin ìdájí ni àdúgbò wa ń sùn dáadáa, nígbà tí àwọn oníṣọ́ òru ti ń túká, tí kọ̀ndọ́ kankan kò tíì máa ké "Ojúẹlẹ́gba, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Wákàtí kan àbọ̀ ni mo ń rí lò lójoojúmọ́. Mo tan àtùpà kékeré, mo fi páálí yí i ká nítorí afẹ́fẹ́. Wákàtí kan àbọ̀ yẹn tó mi.

Kí n má purọ́ fún yín bí mo ṣe purọ́ fún ara mi: ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìdánwò ní 1998, ọdún tí Abacha kú, ẹnìkan wá bá mi pé ìbéèrè ti jáde, pé expo wà, owó ló kù. N kò rà á. Ẹ má yìn mí. N kò lówó ni. Bí mo bá lówó, bóyá màá rà á. Ṣùgbọ́n mo rántí pé nígbà tó ń sọ̀rọ̀, ohun kan wá sí mi lọ́kàn tí kò sí níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá: mo mọ iye tí màá gbà. Mo ti ń gba méjìdínlógójì sí ogójì lábẹ́ ṣọ́ọ̀kì màámi fún oṣù méjì gbáko. Nígbà tí èsì dé, 241 ni. N kò fò sókè. Mo kàn lọ sọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ó dáa," ó sì ní kí n bá òun mú sísọ́ọ̀sì wá.

Yorùbá ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, mo rò pé òwe agbéraga ni. Òwe ẹni tó ń dá kàwé gan-an ni. Kò sí ohun tí ẹ̀dá kò lè dá kọ́ nínú ìwé. Ohun tí kò lè dá ṣe ni pé kó máàkì ara rẹ̀ láìṣojúsàájú.

Àwọn baba wa tó ṣe é ṣáájú wa mọ èyí. Ní ayé òyìnbó, nígbà tí kò sí yunifásítì kankan nílẹ̀ wa, Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń gba àwọn tó wà lókèèrè láyè láti wá ṣe ìdánwò wọn. Báyìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe gba oyè B.Com ní 1944, ní Ìbàdàn níbi tó ti ń ṣòwò tó sì ń bójú tó ẹbí, kó tó wọkọ̀ òkun lọ kọ́ òfin nílùú ọba. Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípasẹ̀ ìwé ìfìwéránṣẹ́ láyé yẹn máa ń fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sókè òkun, tíṣà kan tí wọn kò rí rí yóò máàkì rẹ̀, ọkọ̀ yóò sì tún gbé e padà wá. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà náà kò mọ ojú wọn, kò mọ̀ pé àìsàn ṣe wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, kò sì ní bá wọn sọ pé, "Ẹ̀hẹ́n, C náà ló wà lọ́kàn rẹ." Ọkọ̀ òkun ni òwú pupa tiwọn.

Ayé ti yí padà. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti kọ̀ǹpútà. Ní 2024, ọmọ àbúrò mi obìnrin, tí wọ́n ń gbé ní Sùúrùlérè, ń múra sílẹ̀ fún tirẹ̀, òun náà kò sì lọ lẹ́sìn. Nígbà mìíràn ó máa ń lọ jókòó ní National Library tó wà ní òpópónà Herbert Macaulay ní Yábà. Bí kò bá lọ, fóònù rẹ̀ ló ń lò. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ìbéèrè 180 ni, 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù, wákàtí méjì. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: ogójì ìṣẹ́jú àáyá fún ìbéèrè kan. Ó ní èèyàn kò nílò ju bọ́tìnnì mẹ́jọ lọ: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi ránṣẹ́, R bí èèyàn bá yí ọkàn padà pé òun kò tíì fẹ́ fi ránṣẹ́. Ọmọ tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé lè mọ bọ́tìnnì mẹ́jọ.

Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Ó ka ìbéèrè kan, ó dúró díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò kan ibi tí fóònù ti máa ń fi ìdáhùn hàn. Ó mi orí. Ó bọ́ sí èyí tó kàn. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Ańkù, kí lẹ ń rín?"

"Kò sí. Ìyá rẹ àgbà ni mo rántí."

A kò lè gán fóònù. Ohun tí a ṣe ni pé ó ń kọ lẹ́tà rẹ̀ sórí bébà ná, yóò wá gbé fóònù fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní JSS1 láti bá a wò ó. Ọmọkùnrin náà ń gba bísíkíìtì kan fún iṣẹ́ náà, kò sì mọ ojú ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó lọgun jákèjádò ilé pé, "Ẹ̀gbọ́n mi gba mẹ́rìndínlógún nínú ogójì o!" Inú bí ọmọbìnrin náà, ó sunkún, ó lọ gbé ìwé. Nígbà tó ṣe ìdánwò, 262 ló gbà. UNILAG kì í pe ẹni tí kò bá gba 200 wá sí ìdánwò tiwọn, máàkì JAMB sì kó ìdajì ohun tí wọ́n fi ń yan ọmọ. Ìyókù jẹ́ ti ìdánwò abẹ́lé wọn àti èsì WAEC. Ó ti wà ní Akoka báyìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2025 tún mú ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Èsì JAMB jáde, ariwo sì ta, pàápàá ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn ọmọ ń sọ pé èsì yìí kì í ṣe tiwọn. Ó rọrùn láti sọ pé ọ̀lẹ ń wá àwáwí. Ṣùgbọ́n nígbà tí JAMB yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, wọ́n rí àṣìṣe nínú ẹ̀rọ, ọ̀gá àgbà wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tọrọ àforíjì ní gbangba, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kó wá tún ìdánwò ṣe. 206,610 nínú wọn jẹ́ ti ẹkùn Èkó. Mo ronú nípa àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ la ẹnu pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń tan ara rẹ̀ nílé kò ní lè la ẹnu yẹn gbooro. Yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè pé àbí èmi ni mi ò mọ̀wé. Ẹni tí wọ́n ti máàkì rẹ̀ láìṣojúsàájú láti ilé ló lè wo èsì lójú kó ní, "Ẹja kọ́, ọmọrogùn ni."

Ìyá mi ti dàgbà, ojú rẹ̀ kò gbé kíkì òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Mo gbé ìwé náà lọ fún un lọ́dún tó kọjá, mo fi àwọn ihò náà hàn án. Kò rántí. Ó rántí aṣọ ẹbí pupa náà, ó sì rántí pé ẹni tó rán an fún kò tíì san owó rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń dá kàwé fún JAMB nínú ilé lọ́dún yìí, bí ẹ kò bá rí owó lẹ́sìn, ẹ má jẹ́ kó pa yín lẹ́kún. Ẹ má sì máa bi í lójoojúmọ́ pé "Ṣé ò ń kàwé?" Gbogbo wọn ló ń kàwé. Ẹ gba ẹ̀yìn ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ bá a fi lẹ́tà wé lẹ́tà, ẹ sọ iye tí kò dáa fún un, kí ẹ sì dákẹ́. Kò dìgbà tí ẹ bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.